Abọ́ Ike Tí Ìyá Sàláámù Pín

Ilé Onípáànù, Ìwó
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024

Sàláámù, àkọ́bí mi,

Àlàáfíà kí ó wà fún ọ, kí ó kárí Adédùntán ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, títí dé orí ìkókó tí mi ò tíì fojú rí. Àwa wà níbí. Ìyá rẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Etí mi nìkan ló ti kọ̀ mí sílẹ̀. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohun tí o ń sọ, àfi èmi tí o pè. Ìdí nìyí tí mo fi padà sí lẹ́tà kíkọ. Salihat àbúrò rẹ ní òun á máa ya á ní fọ́tò, òun á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí wáásáàpù. Bí ìwọ náà bá kọ tìrẹ, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi. Nítorí náà, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ ṣókí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Mo gbọ́ pé o tún fẹ́ du ipò. Èyí tí o dù kọjá tí o fìdí rẹmi, oorun ò kun ojú mi nítorí rẹ̀. Salihat ní trustee ni wọ́n ń pè é, pé kánsẹ́lọ̀ ni lédè tiwa. Tó bá jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ni, ẹnu mi gbà á. Mo ṣe kánsẹ́lọ̀ ní ìlú yìí nígbà tí ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n fọn imú. Kí ló dé tí o ò bi mí léèrè nǹkan kan? Àbí ọgbọ́n Ìwó ò lè wọ bàálù ni?

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Nínú fọ́tò ṣọ́ọ̀bù rẹ tí o fi ránṣẹ́, mo rí òyìnbó onírùngbọ̀n kan lára ògiri lókè orí rẹ, ó fajúro sí wa. Ta ni? Kì í ṣe bàbá Adédùntán, mo mọ ìyẹn. Fọ́tò tèmi dà?

Ìyá rẹ ti gba físà. Lóṣù kìíní ló ń bọ̀ wá bá yín tọ́jú ọmọ. Tọ́jú òun náà.

Èmi bàbá rẹ,
Alhaji Abdulqudus


Chicago
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, 2024

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ o.

Ẹ má bínú pé èsì pẹ́. Láàárọ̀ mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́sàn-án mò ń kó ọjà láti Calumet City, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Adédùntán á lọ ṣe night shift ní hospital, èmi ni màá máa rẹ ìkókó lẹ́kún. Tí mo bá sì ráyè díẹ̀, campaign ni. Ojúlé dé ojúlé ni mò ń lọ, mò ń kan ilẹ̀kùn, ajá ń gbó mi.

Fọ́tò yín wà nílé, ní pálọ̀, ibi tó yẹ ẹ́. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, business ni. Orúkọ òyìnbó yẹn ni Orrin Haskell. Ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá yín. Òun ló tẹ ìlú kékeré tí à ń gbé yìí dó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Flossmoor. Wọ́n ní ọmọlanke ìṣó kan péré ló tì dé ibí nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń ta ìṣó fún àwọn tó ń kọ́lé. Láti orí ìṣó ó bọ́ sórí pákó, láti orí pákó ó bọ́ sórí ìyẹ̀fun àti àtùpà. Ó ra ilẹ̀ àbàtà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, rélùwéè sì gba ibẹ̀ kọjá. Kí wọ́n tó mọ̀, òun ni olówó ìlú. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn ṣe olórí ìgbìmọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó kọ́ nígbà náà lèmi náà rà, ibẹ̀ ni mo ti ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ. Orí àjà ni mo ti rí àwòrán rẹ̀. Mo gbé e kọ́ torí pé bí àwọn òyìnbó bá wọlé tí wọ́n rí i, ara wọn á balẹ̀, wọ́n á ní, ha, ọmọ ìlú ni ọkùnrin yìí.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ ìbò, Haskell gbé àgbá ọtí wísíkì kan àti àpò ìyẹ̀fun síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti dìbò fún un á mu ife kan, á sì gbé ìyẹ̀fun lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ìlú ló fi ń ṣàwàdà títí di òní. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó kan níwájú library wa, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Mo rántí yín nígbà tí mo kà á.

Ọmọ yín,
Abdussalam


Ìwó
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 2024

Sàláámù ọmọ mi,

Ọkùnrin nìyẹn! Mo ní kí Salihat tẹ lẹ́tà rẹ sí ìwé lẹ́ẹ̀kejì, mo mú ọ̀kan lọ fi han àwọn àgbà níwájú mọ́ṣáláṣí. Òun fi ìṣó bẹ̀rẹ̀, èmi fi páànù bẹ̀rẹ̀. Ká ní a pàdé ni, à bá jọ kan òrùlé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé mo ní ó fajúro. Jẹ́ kó wà lára ògiri.

Ṣùgbọ́n ìwọ, kí lo rí kọ́ lára rẹ̀? O ka ìtàn, o rẹ́rìn-ín, o gbé ìwé pa mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ du ipò kánsẹ́lọ̀, abọ́ tánganran àti iyọ̀ ni mo pín, mo wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà kejì, mo ní ìwà mi tó, pé wọ́n mọ̀ mí, ẹnu lásán ni mo gbé jáde. Àwọn tí mo kan òrùlé lé lórí ló dìbò fún ẹlòmíràn. Ìwọ ńkọ́, kí lo pín nígbà tí o fìdí rẹmi yẹn? Salihat ní o kò pín nǹkan kan. Ó ní ìwé lo fi ń há lẹ́nu ọ̀nà wọn. Áà! Ìwé ni wọ́n máa jẹ? Àbí o rò pé òyìnbó ò ní ọ̀nà ọ̀fun ni?

Ti wísíkì, mi ò fọwọ́ sí i, haráámù ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kì í ṣe haráámù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fi fọ́tò ojú rẹ tó mọ́ gaara ránṣẹ́ sí mi, má dé fìlà. Má bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Bàbá rẹ


Chicago
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025

Bàbá mi, ẹ kú ilé o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á bó ṣe kéré yìí, ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ ọ́. Màmá ti dé láyọ̀. Ìkókó ti mọ ẹ̀yìn wọn ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ máa tẹ̀ lé mi lọ ojúlé dé ojúlé, mo ní òtútù pọ̀ níta. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ máa fi òtútù dẹ́rù ba àwọn sí.

Wọ́n gbé páálí ńlá kan wá tí wọ́n fi okùn dì gírígírí. Wọ́n ní ẹrù yín ni, pé ó ní ọjọ́ tí àwọn máa tú u. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Mi ò tíì ráyè bi wọ́n.

Ní ti pé kí n pín nǹkan, Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ibí yàtọ̀ sí ilé. Tí ìbò bá kọjá màá ṣàlàyé fún yín dáadáa. Ẹ bá mi fi àdúrà sí i. Ó jọ pé a máa wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ yín,
Abdussalam


Ìwó
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 2025

Sàláámù,

Ààwẹ̀ ń lọ sópin, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa. Ìyá rẹ wọlé lánàá láìrò tẹ́lẹ̀. Salihat kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì kan. Ṣé bí ó ti yẹ kó wà lọ́dọ̀ yín títí di oṣù kẹfà ni? Ìtùnú ku ọ̀la kùdẹ̀dẹ̀, o gbé ìyá rẹ wọ bàálù bí ẹrù. Mo bi í, ó ní ó rẹ òun. Mo tún bi í, ó ní òtútù. Kì í ṣe obìnrin tó ń sá fún òtútù.

Ohun kan ṣoṣo ló sọ tí inú mi fi dùn. Ó ní òun pín àwọn abọ́ náà. Ó yẹ kí o ti rí i báyìí, kí n wá jẹ́wọ́ ọgbọ́n mi. Ní Ìbàdàn ni mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, abọ́ ike aláwọ̀ ewé, ojú rẹ wà lára rẹ̀ bí ojú gómìnà. Mo ní kí ìyá rẹ máa bu ìrẹsì láti ṣọ́ọ̀bù rẹ nígbà tí o kò bá sí níbẹ̀, kó bù ú sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní iwájú ilé ìkàwé tí wọ́n ti ń dìbò ṣáájú ọjọ́ ni òun lọ jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ pátákó tí o sọ fún mi nípa rẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní gbogbo wọn ló gbà á tẹ̀rín tọ̀yàyà, pé ọkùnrin kan tilẹ̀ ya òun ní fídíò. Ṣé ó dùn mọ́ wọn? O kò tíì dúpẹ́.

Bàbá rẹ


Chicago
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá,

Mo wọlé. Lọ́jọ́ Tuesday. Ẹ kú oríire, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù.

Ẹ fẹ́ẹ̀ fi mí sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọpẹ́ nìyẹn. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá fún olùdìbò ní nǹkan, ìbáà ṣe ìrẹsì ẹ̀kún ọwọ́ kan, ọ̀daràn ni. Ẹ̀wọ̀n ni, Bàbá! Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Gabriel pè mí, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ lọ́yà mi. Ó ní, "Sàláámù, ta ni màmá tó wà níwájú library yẹn?" Mo sáré débẹ̀. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì, páálí yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń wọlé, wọ́n ń nawọ́ abọ́ sí wọn. "My son. My son. Vote." Ojú mi sì wà lára abọ́. Kí n tó dé, àwọn tí a jọ ń du ipò ti gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti rí i.

Ṣé mo sọ fún yín pé kí ẹ ṣe é? Mo kọ ọ́ sí lẹ́tà pé kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí! Ẹ lo ìyá mi láti ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní rí físà wá ṣe. Mo gbé Màmá lọ sílé ọ̀rẹ́ Adédùntán kan ní Calumet City, kí àwọn oníròyìn má baà rí wọn, títí mo fi rí bàálù. Àwọn aláṣẹ ìbò bi mí, mo sọ ohun tí Gabriel ní kí n sọ. Ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ẹ má bi Màmá ní nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Abdussalam


Ìwó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 2025

Sàláámù,

Mi ò ní kí ọ lónìí.

O ní o sọ ohun tí lọ́yà ní kí o sọ. O kò kọ ohun tí o sọ sínú lẹ́tà. Mo ní kí Salihat lọ wá fídíò ibi tí o ti ń dá àwọn aláṣẹ ìbò lóhùn. Ó rí i. Mo rò pé mi ò gbọ́ ohun tó ń túmọ̀ fún mi dáadáa, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fi ojú mi kà á. Ohun tó kọ rèé: "Mi ò mọ obìnrin yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ìyá àgbà ló ń pe gbogbo ọ̀dọ́ ní ọmọ mi. Àṣà wa ni. Kò sí nǹkan kan tó pa èmi àti ẹ̀ pọ̀."

Òótọ́ ni, àṣà wa ni. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ìyá arúgbó tó rí ọ lójú títì tó pè ọ́ ní ọmọ mi, tó sàdúrà fún ọ, o mú ohun dáadáa yẹn, o fi bo ojú ìyá tó bí ọ. Òyìnbó ò lè ronú kan irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa nìkan ló lè pa á.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pe Muminat ní Muminat mọ́ ní Ìwó? Láti ọjọ́ tí a ti sọ ìwọ lórúkọ ni ọjà, mọ́ṣáláṣí, ilé ọkọ, ti ń pè é ní Ìyá Sàláámù. Èmi nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀, nígbà tí inú bá bí mi. Kí ni kí wọ́n wá máa pè é báyìí?

Ẹ̀bi abọ́, tèmi ni. Mo gbà. Òpè ni mí lórí òfin yín. Kọ orúkọ mi sínú ìwé ìròyìn wọn, sọ pé bàbá kan ní Ìwó ló ṣe é, kò mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n wá, ilé mi ò ní géètì. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ ìtàn Haskell fún mi tìwọ tẹ̀rín. O ní wọ́n kọ ọ́ sára pátákó láti fi yìn ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi yin òkú òyìnbó, òun náà ni wọ́n fi ń ti ìyá arúgbó mọ́lé?

Ìyá rẹ ò tíì mọ ohun tí o sọ. Ó bá wa wo fídíò náà. Kò gbọ́ òyìnbó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, kóòtù tó wọ̀ yẹn mà yẹ ẹ́ o." Ó ní kí Salihat tún un ṣe kí òun tún rí ọ. Salihat bú sẹ́kún, ó ní ata ló ta sí òun lójú.

Mi ò bèèrè nǹkan púpọ̀. Wọ́n ní ẹ máa búra lóṣù tó ń bọ̀, níwájú gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ náà, kí o tó ṣèlérí pé o máa sìn wọ́n, sọ fún wọn pé: obìnrin yẹn, ìyá mi ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gba àga, kí wọ́n gbà á. Mo ti pàdánù àga rí, mi ò kú.

Abdulqudus


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2025

Sàláámù,

O kò fèsì. Salihat ní o ti rí lẹ́tà mi, pé wáásáàpù fi àmì hàn.

Ìyá rẹ ti mọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ọmọbìnrin kan tó wá láti yunifásítì fi fídíò náà han àwọn ìyá, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ ló jókòó ti òun. Nígbà tó délé, kò bọ́ ìborùn. Ó ní, "Alhaji, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?" Mo fẹ́ parọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní wọ́n dẹ́rù bà ọ́ ni. Ó ní ẹ̀rù lè mú ọmọ ènìyàn sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, pé o máa tún un sọ lọ́jọ́ ìbúra. Ó ti ń bi Salihat ọjọ́ tó bọ́ sí. Ó gbọ́ pé wọ́n máa ń gbé ìpàdé ìgbìmọ̀ yín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun máa wò ó. Èmi ni mo sọ fún un nípa ìbúra náà, èmi ni mo kó o sínú ìrètí yìí. Mo bẹ̀ ọ́. Bàbá rẹ ló ń bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kó dúró lásán.

Abdulqudus


Chicago
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, bí ẹ bá ṣì ń gbà á.

Ẹ ti rí i. Mo gbé ọwọ́ lé Al-Kùránì, mo búra, mi ò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé Màmá ń wò, tàbí pé wọ́n máa wò ó. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà kékeré sínú àpò mi. Mo fọwọ́ kàn án lápò. Gabriel jókòó síwájú, ó ń wò mí, ó mi orí pé rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín kí ẹ lè bú mi dáadáa. Bí mo bá la ẹnu, kì í ṣe àga nìkan ló máa lọ. Mo ti parọ́ fún àwọn aláṣẹ, ìyẹn náà tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n lè pe Màmá lẹ́jọ́. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, iṣẹ́ Adédùntán, ẹnu àwọn ọmọ ní school. Dúdú ni mí, Mùsùlùmí ni mí, ohùn mi kì í ṣe ohùn wọn. Haskell pín àgbá wísíkì, wọ́n kọ́ pátákó fún un. Bó bá jẹ́ èmi ni, abọ́ ike lásán tó láti fi lé mi kúrò nílùú. Ẹ ò mọ̀ bó ṣe rí, Bàbá. Ẹ jókòó sí Ìwó, ẹ ń kọ lẹ́tà.

Ẹ ní kí n jẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ní kí n di ènìyàn ńlá láti ìgbà tí mo ti lè rìn. Nígbà tí mo fìdí rẹmi, ẹ ní oorun ò kun ojú yín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọdún mẹ́rin ni. Tí sáà mi bá ti pé, mo ṣèlérí, màá jáde sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, màá rán Màmá lọ sí Mẹ́kà. Adédùntán ti ń bá àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè pè wọ́n. Mo ti gbé fóònù tán lọ́pọ̀ ìgbà, mo tún gbé e sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Abdussalam


Ìwó
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2025

Sàláámù,

Èmi ìyá rẹ ni, Salihat ló ń bá mi kọ èyí. Mo ní kó má fi nǹkan kan kún un, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò.

Mo kí ọ. Mo kí Adédùntán, ó tọ́jú mi, omi gbígbóná ni mo fi ń wẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Ṣé ìkókó ti ń jókòó? Nígbà tí mo kúrò, ó ti fẹ́ máa jókòó. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Má kọ lẹ́tà ìjà sí bàbá rẹ mọ́. Kò jẹun dáadáa mọ́. Òun ló ṣe abọ́, èmi ni mo pín in, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Inú mi dùn nígbà tí mò ń pín in. Mò ń kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ òyìnbó tí mo lè bí lọ́mọ, mò ń fi ìka kan ojú rẹ lára abọ́. Obìnrin kan gbá mi mọ́ra. Mo rò pé mò ń ṣe ohun tí ìyá ń ṣe. Nígbà tí ìwọ wá gbé mi, o ní kí n wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí n tẹrí sílẹ̀, torí atẹ́gùn. Mo tẹrí sílẹ̀. Mi ò bi ọ́ pé atẹ́gùn wo ló ń fẹ́ nínú ọkọ̀ tí a ti tì.

Mi ò ní lọ sí Mẹ́kà. Bí mo bá débẹ̀, àwọn tí a jọ lọ á bi mí pé ta ló gbé mi wá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn nílẹ̀ mímọ́?

Ti ọdún mẹ́rin yẹn, má sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí ó yẹ kí o sọ ọ́, mo jókòó síwájú fóònù Salihat. Mo dúró títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ tán, títí ojú fóònù fi ṣú. Salihat ní ó ti parí. Mo ní kó dúró díẹ̀ sí i. Tí o bá sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún ọ, wọ́n á ní olóòótọ́ ènìyàn ni ọ́, wọ́n á sì fún ọ ní ipò tó ju ìyẹn lọ. Mi ò fẹ́ kí o tún fi mí gba ipò.

Mi ò ṣépè fún ọ o. Ọyàn mi lo mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ṣépè, irọ́ ló pa.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ rèé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ mi fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó dìde. Ìwọ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, torí ìwọ ni mo kọ́kọ́ bí. Láàárọ̀ àná, orúkọ rẹ ò jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo pe Awwal, mo pe Salihat, mo ní àmín, mo fi ọwọ́ pa ojú. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ká ẹní ni mo rántí pé mi ò pè ọ́. Mo dúró, mo ní àyà mi á já, mo ní n óò padà tẹ́ ẹní. Mo wá lọ dáná. Mo fi ẹ̀kọ gbígbóná fún bàbá rẹ, èmi náà mu tèmi, mo mu ún tán. Kò dùn mí, Sàláámù. Láti àná ni ẹ̀rù ti ń bà mí, pé kò dùn mí.